Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Nínú ìwé ìtàn tí mo ń lò ní ilé ẹ̀kọ́, koko ní orí tirẹ̀, epo pupa ní tirẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n tò jọ bí òkè ní Kánò sì ní àwòrán ńlá kan. Òrí kò ní ìlà kan ṣoṣo. Mo wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin. Inú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ti padà rí i, nínú gbólóhùn kan péré, níbi tí wọ́n ti kà á mọ́ àwọn igi tó ń hù fúnra wọn nínú igbó. Igi igbó ni wọ́n pè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ àròkọ yìí, nítorí mo gbà pé ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbin igi òrí. Ṣùgbọ́n igi tó dúró sí àárín oko, tí àgbàdo yí i ká, tí àdá kò sì kàn án láti ayé bàbá bàbá ẹni, ta ni yóò sọ pé igbó ló ni ín? Ènìyàn ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fi í sílẹ̀, ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ìtàn, ìtàn náà sì gùn ju ti koko lọ ní ilẹ̀ wa.

Ẹni tó dàgbà ní Èkó tàbí ní Oǹdó lè mọ òrí dáadáa kó má mọ igi rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni nǹkan funfun tó dì sínú igbá lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí wọ́n ń fi sí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, tí àwọn àgbà sì fi ń ra àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá là nígbà ọyẹ́. Igi rẹ̀ kì í wá sí ilẹ̀ igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́, níbi tí òjò ti ń dá fún oṣù mélòó kan, tí iná sì ń jó koríko lọ́dọọdún. Èèpo ara rẹ̀ nípọn, ó sán bí awọ ọ̀nì, ìdí nìyẹn tí iná ọ̀dàn kì í fi í pa á bọ̀rọ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Uganda àti etí ilẹ̀ Ethiopia ló ti ń hù, bí ọ̀já tí a gbà mọ́ àyà Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ó wà ní Ọ̀kè-Ògùn níbi tí mo ti wá, ó wà ní Kwara, ó pọ̀ ní ilẹ̀ Nupe, ó sì tún lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou yóò rí i.

Èso rẹ̀ dà bí píà kékeré. Bó bá pọ́n, yóò já bọ́ fúnra rẹ̀, a kì í ká a. Ara èso náà rọ̀, ó sì dùn. Àwa ọmọdé la máa ń jẹ ẹ́ jù ní nǹkan bí oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde tí oúnjẹ sì ti ń wọ́n nílé. Inú rẹ̀ ni kóró kan wà tó ń dán bíi pé wọ́n ti fi epo pa á kó tó kúrò lórí igi. Ọmọ inú kóró yìí ni wọ́n fi ń ṣe òrí.

Igi náà kì í kánjú. Ọdún 15 sí 20 ni yóò lò kó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì lè lo ọdún 200 láyé. Ẹni ọdún 50 tó bá gbìn ín lónìí, bóyá ni yóò fi eyín ara rẹ̀ jẹ èso rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn wa máa gbìn ín. Èyí tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n ń dá sí.

Kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí ìdásí yìí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ní ibi abúlé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kirikongo, ní Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn wú èèpo kóró òrí jáde láti inú ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn gbé orí rẹ̀ rí. Àbájáde iṣẹ́ wọn, tó jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń lo òrí láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ìyẹn ju ọdún 1,000 lọ ṣáájú Aláàfin èyíkéyìí tí a lè fi ọkàn balẹ̀ sọ ọdún tó jẹ. Ohun tó wú mi lórí ni pé kì í ṣe ère idẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni ẹ̀rí náà. Èèpo kóró ni, irú èyí tí ìyá àgbà mi ń dà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹni tó kọ nípa òrí sínú ìwé tí a ṣì lè kà lónìí ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco. Ní ọdún 1352, ó gba Walata kọjá lọ sí ìlú ọba Mali. Lójú ọ̀nà, ó rí igi kan tí wọ́n ń gún kóró rẹ̀ láti fa epo jáde. Ó ní wọ́n ń fi epo náà se oúnjẹ, wọ́n ń fi í tan fìtílà, wọ́n ń fi í para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ kan láti fi rẹ́ ilé. Ó tún ní inú akèrègbè ńlá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí tí wọ́n fi ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí mo ka ti ilé rírẹ́ yìí fún ìyá àgbà mi, wọ́n ní ilé wo ni yóò jẹ òrí nígbà tí ènìyàn kò tíì rí pa ara? Ṣùgbọ́n ti akèrègbè, wọ́n ní ẹni náà kò purọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a kan ẹni tí mo rò pé ó sọ òtítọ́ jù nípa igi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa. Ní ọdún 1796, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ Mungo Park dé agbègbè Ségou lẹ́bàá odò Ọya. Ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣa èso òrí. Ó tọ́ bọ́tà rẹ̀ wò, ó ní ó funfun, ó le, ó sì dùn lẹ́nu òun ju bọ́tà wàrà màlúù èyíkéyìí tí òun ti jẹ lọ, pé ó sì lè wà fún odidi ọdún kan láìfi iyọ̀ sí i. Ó rí i pé òwò ńlá ni òrí jẹ́ ní ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló sọ nǹkan méjì. Èkíní, pé àwọn ará ibẹ̀ kì í gbin igi yìí, inú igbó ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Èkejì, pé bí wọ́n bá ń ṣán igbó láti dáko, gbogbo igi ni wọ́n ń gé àfi òrí.

Ẹ wò ó, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni àbọ̀ méjèèjì wà. Àwọn oníwèé mú àbọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní igi igbó ni. Àbọ̀ kejì ni wọ́n jù nù, òun gan-an sì ni ìtàn. Bí àwọn ènìyàn bá gé gbogbo igi tó kù fún ọdún 1,000, tí wọ́n dá òrí nìkan sí, tí wọ́n sì tún ń yan nínú òrí fúnra rẹ̀, kí èyí tó ń so dáadáa dúró, kí èyí tí kò so di igi ìdáná, ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní Ghana ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí, pé àmì yíyàn ọwọ́ ènìyàn wà lára igi òrí inú oko bí a bá fi wọ́n wé ti inú igbó.

Park padà wá sí Áfíríkà lẹ́ẹ̀kejì, Bussa ní ilẹ̀ Borgu ló sì kú sí ní ọdún 1806. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ igi náà, wọ́n pè é ní Butyrospermum parkii. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ yìí fi wà nínú ìwé kí wọ́n tó padà sí Vitellaria paradoxa, tí wọ́n ń lò báyìí. N kò bínú sí Park. Ó jẹ òrí, ó yìn ín, ó sì sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ náà, mo ronú nípa àwọn obìnrin tó bá nídìí igi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí ìkankan nínú wọn kò ní orúkọ nínú ìtàn rẹ̀.

Ìlú tèmi, Ìgbòho, wà nínú ìwé ìtàn nítorí àwọn ọba. Nígbà tí àwọn Nupe lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá tẹ̀dó sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ìtàn sì sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tí àwọn àgbà kan ní obìnrin ni. Kíláàsì wa ti lọ wo igbó ọba náà. Tíṣà wa sọ ìtàn àwọn ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ibi tí a ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi débẹ̀, abẹ́ igi òrí la ń gbà kọjá, kò sì sí ẹni tó dá ẹnu lé e. Bẹ́ẹ̀ láàárín ilẹ̀ òrí ni Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà. Igi náà ṣì pọ̀ nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba fi ahoro ìlú náà ṣe lónìí. Àwọn ọba ti lọ, ohun tó ń pa ara wọn lára ló kù.

Ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ènìyàn sá wá sí gúúsù, wọ́n kún Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, Aláàfin sì gbé ààfin rẹ̀ wá sí Àgọ́, èyí tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ẹni tó sá dé ẹ̀bá igbó kò lè ru igi òrí dání. Ohun tí wọ́n ń ṣà lọ́fẹ̀ẹ́ nílé wá di ohun tí wọ́n ń fi owó rà lọ́jà, tí àwọn ará òkè ń rù wá bá wọn. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ru òrí kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn. Òwe ni lẹ́nu wa báyìí, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ru ú ní tòótọ́ ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń jí rìn lóru kí ẹrù má baà yọ́ dà sí wọn lórí.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò rí gúúsù sá sí. Etí òkun ni wọ́n kó wọn dé, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba. Wọ́n gbé Òrìṣà wọn dání lọ́kàn. Ọbàtálá kì í gba epo pupa, òrí àti ẹfun ni tirẹ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe bọ Ọbàtálá ní ilẹ̀ tí kò sí igi òrí? Ní Bahia, òwò ló yanjú rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín Èkó àti Bahia, ó ń kó obì, ọṣẹ dúdú, aṣọ òfì àti òrí lọ. Àwọn ará Brazil ń pe òrí náà ní limo da costa. Etíkun wa níhìn-ín ni "da costa" yẹn ń tọ́ka sí, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ní Cuba, òrí ṣòro láti rí. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀rá koko, nítorí òun náà funfun, òun náà dì, ó sì ń yọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Ọ̀rá koko yìí ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń lò fún Ọbàtálá, orí sì ni wọ́n ń pè é. Igi kò dé Cuba, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ débẹ̀, ó rí ara mìíràn wọ̀.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé rántí ọ̀rá koko yẹn, nítorí a ó tún padà bá a.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, tí reluwé sì wọ Ìlọrin ní ọdún 1908, ó rọrùn láti kó ẹrù láti òkè wá sí èbúté. Kóró ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń wá jù. Ilé iṣẹ́ tiwọn ló ń fún epo rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe èkùrọ́ àti ẹ̀pà. Iṣẹ́ tó ní èrè nínú òrí kì í ṣe ṣíṣà, pípò ni. Pípò yẹn ni wọ́n kó kúrò lọ́wọ́ wa wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì tíì padà délé dáadáa láti ìgbà náà.

Kí wá ni wọ́n ń fi òrí ṣe lọ́hùn-ún? Ẹni tó bá wo ìpara inú ìgò yóò rí orúkọ rẹ̀ lára púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Apá kan wà nínú ọ̀rá òrí tó le, tí ìṣe rẹ̀ sì fara jọ ti ọ̀rá koko: ó ń dì nínú òtútù, ó sì ń yọ́ lẹ́nu. Ọ̀rá koko wọ́n ju òrí lọ. Àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì bá ń fi díẹ̀ nínú òrí rọ́pò ọ̀rá koko. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, àwọn kan ní ṣokoléètì tí kò jẹ́ koko nìkan kì í ṣe ṣokoléètì. Ní ọdún 2000, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan tó fàyè gba ọ̀rá igi mìíràn dé ìwọ̀n 5% nínú ṣokoléètì. Oríṣi mẹ́fà péré ni wọ́n dárúkọ, òrí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wo báyìí. Ní Havana, wọ́n fi ọ̀rá koko dípò òrí nítorí pé wọ́n jí àwọn ènìyàn gbé kúrò nídìí igi wọn. Ní Yúróòpù, wọ́n fi òrí dípò ọ̀rá koko nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó wà ní Cuba kò gbàgbé ohun tí ó fi nǹkan rọ́pò, ó ṣì ń dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ṣokoléètì ní ìlú òyìnbó, bóyá ni ó gbọ́ ọ rí.

Mo ti ń dárúkọ ìyá àgbà mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, àwọn obìnrin ń lọ sóko ní ìdájí kí ẹran tó dé ibi èso. Àtùpà wà lọ́wọ́ wọn nítorí ejò tó máa ń wà nínú koríko. Wọ́n á kó èso wálé, wọ́n á bọ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á se kóró nínú omi, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tún sá ọmọ inú rẹ̀. Ó lè wà nínú àpò báyìí fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta kóró, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òrí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò yan án, yóò gún un tàbí kó lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, yóò wá da omi sí i, yóò sì máa fi ọwọ́ pò ó. Pípò yìí le ju fùfú gígún lọ, mo ti dán méjèèjì wò. Apá á ro ọ́ títí wàá fi fẹ́ sunkún, àwọ̀ ilẹ̀ náà á sì máa di funfun díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ. Bó bá ti hó tó, wọ́n á bu omi tútù sí i, ọ̀rá á léfòó, wọ́n á kó o sórí iná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó dì. Omi tí wọ́n ń lò nídìí rẹ̀ àti igi ìdáná, obìnrin náà ló ń rù ú.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ́ kóró. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ta ló gbin àwọn òrí oko wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, ta ní ń gbin òrí? A bá a níbẹ̀ ni."

"Àwọn tó ṣáájú yín ńkọ́, Mà?"

"Àwọn náà bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ mi, tí wọ́n bá ti pe àwọn alágbàṣe wá ṣán oko, wọ́n á kọ́kọ́ mú wọn rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Wọ́n á ní ẹni tó bá fi àdá kan òrí òun kó má padà wá sílé wá jẹun."

Mo rò pé kò sí ìwé tó sọ ìtàn igi òrí tó ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá yẹn kì í ṣe òrí, kì í ṣà á, ọkùnrin ni. Ó mọ̀ pé oúnjẹ ilé òun wà lórí igi náà ní oṣù tí kò sí nǹkan lóko. Ohun mìíràn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àwọn igi náà ní orúkọ. Aládùn wà, tí èso rẹ̀ dùn. Olóríkunkun wà, tí í so lọ́dún kan tí yóò sì sinmi lọ́dún kejì. Ìyá Ìbejì wà, tó ní ìtì méjì láti ìdí. Àwọn obìnrin tó ń ṣà á ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ni ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó mọ igi lórúkọ kọ́ ló ni ilẹ̀. Igi òrí ń jó dáadáa, èédú rẹ̀ le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èédú láti Ọ̀kè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó kò lóǹkà, gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà wa kọjá ti rí àpò wọn létí títì. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà mi kú, ọ̀kan nínú ẹbí ta àwọn òrí apá ìsàlẹ̀ odò fún àwọn tó ń sun èédú. Ìyá àgbà mi kò mọ̀ títí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi. N kò lè pe ẹni náà ní ènìyàn burúkú, nítorí nínú owó yẹn ni wọ́n ti san owó ìdánwò àṣekágbá ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí òrí ìsàlẹ̀ odò lè mú wá nínú ọdún 200, wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ná an. Àjọ IUCN, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu káàkiri ayé, ti kọ orúkọ igi náà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó kóró òrí jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà. Burkina Faso àti Mali ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa. Ìjọba ní ọ̀dọ̀ wa ni nǹkan bí 40% kóró òrí gbogbo ayé ti ń wá, síbẹ̀ nǹkan bí 1% péré nínú owó ọjà náà ló ń kàn wá, pé kí a máa ṣe òrí nílé kí èrè lè dúró. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, inú mi dùn. Àròjinlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ dára: ohun tí reluwé kó lọ láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ dá padà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi kò ní agbára àtipò mọ́, ọwọ́ ń dùn wọ́n, kóró ni wọ́n ń tà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn fi já owó wálẹ̀, wọ́n ní kò sí ibi tí àwọn yóò tà á sí. Ilé iṣẹ́ tí yóò ra kóró kò sí nítòsí wa, ẹ̀rọ tí ń lọ̀ ọ́ sì jìnnà. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣáájú òfin. Àwọn mìíràn lè sọ pé bí òfin kò bá kọ́kọ́ wà, kò sẹ́ni tí yóò ra ẹ̀rọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ ni ó ń jẹ ìyà àárín méjì.

Ìyá àgbà mi ní tiwọn kò bá ìjọba jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí nígbà tí mo túmọ̀ ìròyìn náà fún wọn tán: "Kóró tí wọ́n ní wọ́n mọ iye rẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ka igi?"

N kò rí ìdáhùn fún wọn. Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti wọ́n jọ lọ sóko pẹ̀lú ìwé àti bírò, a ka tiwa. Mọ́kànlélógún ló dúró. A rí kùkùté mẹ́jọ ní ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n dúró nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dárúkọ mẹ́fà nínú wọn fún mi, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Ti méjì tó kù, wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n, wọn kò tíì so rí, ẹnì kankan kò tíì sọ wọ́n lórúkọ.